Ẹ-Má-Pò-Ó àti Ẹ̀rọ Tó Ń Mu Omi Ọṣẹ

Bí ìjà bá ń wù ọ́, tí o kò sì rí ẹni tí yóò bá ọ jà, kó aṣọ funfun àti aṣọ aláwọ̀ pọ̀ sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo, kí o gbé e gba iwájú ilé ìfọṣọ obìnrin yìí kọjá. Kò ní béèrè orúkọ rẹ, kò ní béèrè ilé baba rẹ. Ohun tí yóò sọ ni, "Ẹ má pò ó." Bó o jẹ́ ọmọdé, bó o jẹ́ àgbà, bákan náà ni yóò ṣe sọ ọ́, torí ọ̀rọ̀ náà ti lẹ̀ mọ́ ara wọn lẹ́nu rẹ̀, kò ṣe é yà mọ́. Ìdí nìyẹn tí gbogbo àdúgbò fi ń pè é ní Màmá Ẹ-Má-Pò-Ó. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀, kò sì bínú. Ó ní orúkọ tó burú ju èyí lọ wà tí wọn ì bá fún òun.

Ilé ìfọṣọ náà kì í ṣe ilé ńlá. Yàrá gbọọrọ kan ni, ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ símẹ́ńtì tó rọra dà gẹ̀rẹ́ sí ẹ̀yìn kí omi lè rí ọ̀nà gbà jáde. Àwọn ẹ̀rọ ìfọṣọ wà lápá kan, tábìlì ìlọṣọ wà lápá kejì lẹ́bàá fèrèsé, níbi tí ìmọ́lẹ̀ kò ti ní jẹ́ kí àbàwọ́n rí ibi sá pamọ́ sí. Aṣọ tó dọ̀tí ń gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wọlé, èyí tó mọ́ ń gba iwájú jáde, wọn kì í pàdé lọ́nà. Aṣọ funfun ní bọ́kẹ́ẹ̀tì tirẹ̀, aṣọ aláwọ̀ ní tirẹ̀. Kódà, pẹ́ẹ̀gì tí wọ́n fi ń há aṣọ funfun mọ́ okùn kò gbọdọ̀ fara kan èyí tó ní àwọ̀.

Ọ̀dọ̀ ìyá ọkọ rẹ̀ ló ti kọ́ gbogbo rẹ̀. Nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ọkọ, kò mọ̀ ju kó ti aṣọ bọ omi kó sì fà á yọ lọ. Ìyá àgbà náà wò ó títí lọ́jọ́ kan, ó ní, "Ọmọ mi, ṣé o ń kí aṣọ yẹn ni àbí ò ń fọ̀ ọ́?" Láti ọjọ́ náà ló ti jókòó ti obìnrin arúgbó yìí, tó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń bi aṣọ léèrè ohun tó ṣe é. Láyé ìgbà yẹn, ọ̀nà jíjìn ni wọ́n ti ń pọnmi. Omi tí wọ́n bá fi fọṣọ tán, wọn kì í sáré dà á nù. Wọ́n á dà á sínú báàfù símẹ́ńtì kan lẹ́yìnkùlé, wọ́n á jẹ́ kí ìdọ̀tí rẹ̀ lọ sísàlẹ̀, wọ́n á wá bu ti òkè tó mọ́ gaara láti fi fọ ilẹ̀ àti àkísà. "Ẹ jẹ́ kó tòrò ná" ni òfin kejì ilé náà. Omi ẹ̀rọ ti dé láti ọdún gbọọrọ, ọkọ rẹ̀ ti ra ẹ̀rọ ìfọṣọ, ó sì ti ra táǹkì tó ń fi gáàsì sè omi. Ìyá àgbà kú, ọkọ náà tẹ̀ lé e. Báàfù símẹ́ńtì ṣì wà níbẹ̀, òfin méjèèjì ṣì wà nílé.

Nígbà tí ọkọ kú, ẹni tó ṣẹ́ kù tì í nídìí iṣẹ́ ni ìyàwó àbúrò ọkọ rẹ̀. Àwọn méjèèjì ti di opó, irun àwọn méjèèjì ti funfun ju aṣọ bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n ń fọ̀, síbẹ̀ "Ìyàwó" ni Màmá ṣì ń pe èyí àbúrò, "Ìyálé mi" nìyẹn sì ń pe Màmá. Ìyàwó ló ń lọ aṣọ. Áyọ́ọ̀nù rẹ̀ gbóná, ṣùgbọ́n kò gbóná tó ẹnu rẹ̀.

Ohun tó fẹ́ tú ilé náà ká ni gáàsì. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì ilé ìtura àti ti ilé ìwòsàn kékeré tó wà ní títì kejì, omi gbígbóná ni wọ́n fi ń fọ̀ ọ́, kò sí ọgbọ́n tí wọ́n lè dá sí i. Láyé ọkọ, bí wọ́n bá ra sílíńdà gáàsì kan, á pẹ́ débi tí wọ́n á fi gbàgbé bí ojú Onígáàsì ṣe rí. Ní báyìí, gáàsì wọ́n bí ojú, ó sì ń tètè tán. Onígáàsì wá ń yà lemọ́lemọ́ bí ẹni tó ń fẹ́ ọ̀kan nínú wọn sọ́nà.

"Ìyálé mi," ni Ìyàwó wí lọ́jọ́ kan, "ẹ bi ọkùnrin yìí kó sọ èyí tó fẹ́ nínú wa, kí ẹnì kejì lè lọ sinmi."

Wọ́n rẹ́rìn-ín sí i, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kì í ṣe ẹ̀rín. Ilé ìfọṣọ tó wà ní ìkòríta ti kógbá sílé, wọ́n ti ń ta fóònù níbẹ̀. Ọmọbìnrin Màmá kan ṣoṣo, tó ń bá ọkọ rẹ̀ gbé ní ìlú mìíràn, ti gbọ́ bí nǹkan ṣe rí. Ó máa ń pè é lórí fóònù. "Màmá, ẹ̀yin ẹ ṣáà máa bọ̀. Yàrá yín ti wà nílẹ̀. A ti kùn ún." Màmá á dúpẹ́, á ṣàdúrà fún un. Bó bá gbé fóònù sílẹ̀, á máa bi ara rẹ̀ léèrè. Kí ló fẹ́ máa ṣe nínú yàrá tí wọ́n kùn? Nílé ọmọ rẹ̀, wọ́n ní ẹ̀rọ ìfọṣọ kékeré kan tí wọ́n ń tẹ̀ ní ìka kan, tó sì máa ń kọrin bó bá ṣe tán. Ó mọ̀ pé ọmọ náà fẹ́ràn òun dénú. Ṣùgbọ́n kò fẹ́ di ẹrù tí wọ́n gbé sí yàrá, tí àwọn ọmọdé ń yọ́ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kó má baà jí. Bẹ́ẹ̀ ni Ìyàwó kò ní ọmọ kankan tó kun yàrá dè é níbìkan.

Ó wá bá ara rẹ̀ ṣàdéhùn. Bí gáàsì tí wọ́n ń sun kò bá dín kù kí òjò àkọ́kọ́ tó rọ̀, yóò ti ilẹ̀kùn, yóò sì kó lọ bá ọmọ. Ó sọ fún Ìyàwó. Ìyàwó fa aṣọ mìíràn sórí tábìlì, ó ń lọ̀ ọ́ lọ.

Ìpàdé ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ kéékèèké ni ọ̀nà ti là. Alága wọn, kafíńtà kan tó sanra, dìde, ó ní àwọn ọ̀dọ́ kan wà nígboro tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ilé iṣẹ́ tiwọn sílẹ̀, tí wọ́n ń ṣe oríṣiríṣi nǹkan tó lè dín iná àti gáàsì kù, ṣùgbọ́n wọn kò rí ibi tí wọ́n á ti dán an wò. Àwọn iléeṣẹ́ ńlá kò jẹ́ kí wọ́n kọjá ọ̀dọ̀ ọlọ́dẹ. "Ẹ̀yin náà rèé," ni alága wí, "ẹ ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ ní oníbàárà, owó iná ló ń pa yín lọ. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbà kò wọ kèrègbè. Kí olúkúlùkù mú iléeṣẹ́ ọ̀dọ́ kan, kí ẹ jọ gbìyànjú rẹ̀ wò." Oníbúrẹ́dì mú àwọn kan. Àwọn tó ń ta ẹja inú yìnyín mú àwọn mìíràn. Màmá ṣàdédé rí i pé ọwọ́ òun ti wà lókè.

Àwọn tó kàn án jẹ́ méjì. Ọ̀kan jẹ́ ọmọkùnrin gíga tín-ín-rín kan tí Ìyàwó sọ ní Ọ̀pá-Aṣọ kó tó jókòó tán. Èkejì jẹ́ ọmọbìnrin kúkúrú kan tó ń lo gíláàsì ojú, òun sì ni wọ́n ń pè ní Onígíláàsì. Wọ́n ti kàwé ẹ̀rọ jáde, wọ́n sì pín ilé iṣẹ́ kan lò pẹ̀lú mẹkáníìkì, wọ́n ní àwọn fún ara àwọn láyè dìgbà òjò. Bí ẹ̀rọ àwọn kò bá rí ibi jókòó sí, kálukú á lọ wá iṣẹ́ oṣù. Ọ̀pá-Aṣọ ṣí kọ̀ǹpútà, ó fi ọfà pupa àti ọfà dúdú han Màmá, ó ń ṣàlàyé bí nǹkan ṣe ń wọ ibí, tó ń gba ọ̀hún jáde. Orí Màmá ń mì, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ ti lọ sọ́dọ̀ ẹ̀rọ tó ń fún aṣọ lẹ́yìn rẹ̀. Ohun tó rí gbá mú ni pé omi ìdọ̀tí yóò gba inú ẹ̀rọ náà, omi mímọ́ yóò sì gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ìyẹn nìkan ti tó láti bà á nínú jẹ́.

"Ṣé ó yé yín, mà?" ni Ọ̀pá-Aṣọ béèrè.

"Ó yé mi, ọmọ mi."

Kò yé e. Ẹni tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í fẹ́ sọ lójú ọmọ àná pé òun kò gbọ́ ohun tó wí. Àwọn ọmọ náà sì ní tiwọn níbẹ̀: kò sí èyí tó sọ pé kí àwọn kọ́kọ́ dúró ní odindi ọjọ́ kan, kí àwọn wo bí aṣọ ṣe ń di fífọ̀ nílé náà.

Ohun tí wọ́n gbé wá kò ṣòro láti lóye. Páìpù ńlá kan ni, ó ga tó ènìyàn, wọ́n wá wé páìpù bàbà tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ọn lára láti òkè dé ìsàlẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n wé okùn mọ́ igi. Omi ọṣẹ tí wọ́n fi fọṣọ tán máa ń gbóná nígbà tí wọ́n bá ń dà á nù. Dípò kó gba gọ́tà lọ pẹ̀lú gbogbo ooru ara rẹ̀, yóò gba inú páìpù ńlá kọjá. Omi mímọ́ tó ń lọ sínú táǹkì yóò máa gba inú bàbà, yóò máa yá iná lára rẹ̀. Omi méjèèjì kò ní fojú kan ara wọn. Bí omi mímọ́ bá fi máa dé táǹkì, ara rẹ̀ á ti lọ́wọ́ọ́wọ́, iṣẹ́ tó kù fún gáàsì kò ní pọ̀. Wọ́n gbé e dúró lẹ́yìnkùlé, wọ́n so rọ́bà ẹ̀rọ ìfọṣọ mọ́ ẹnu rẹ̀, wọ́n ní àwọn á máa wá ní kùtù láti wo nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀, èyí tó ń tọ́jú bí omi ṣe gbóná tó lánàá, wọ́n sì lọ.

Màmá dúró, ó ń wo àlejò náà. Bàbà ara rẹ̀ ń dán bí ojú ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀. Ó wo omi ọṣẹ tó fẹ́ wọ ẹnu rẹ̀, tó dúdú, tó ń hó.

"Ìyàwó, a kì í fún àlejò lómi ríru mu," ló wí. "Jẹ́ kó tòrò ná."

Bí wọ́n ṣe yọ rọ́bà kúrò lẹ́nu ẹ̀rọ nìyẹn, wọ́n tì í bọ báàfù símẹ́ńtì. Wọ́n dúró títí ìdọ̀tí fi lọ sísàlẹ̀. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n ń fi abọ́ bu ti òkè tó mọ́ gaara, wọ́n ń rọra rọ ọ́ sí ẹnu ẹ̀rọ. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é lójoojúmọ́ nìyẹn, wọ́n á sì dá rọ́bà padà sáyè rẹ̀ kí àwọn ọmọ náà tó dé. Ìyàwó ń ráhùn.

"Ẹ̀rọ tí wọ́n ní yóò dín wàhálà wa kù, àwa la wá ń fún lómi bí ọmọ ọwọ́."

Ẹ̀yin náà ti mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Omi tó ń tòrò, ó ń tutù náà ni. Bó bá fi máa mọ́ tó bí Màmá ṣe fẹ́, kò ní ooru kankan nínú mọ́ tí ẹnikẹ́ni lè yá.

Àwọn ọmọ náà ń wá ní kùtù, wọ́n ń wo nọ́ńbà, ojú wọn ń rẹ̀wẹ̀sì. Wọ́n tú ẹ̀rọ náà palẹ̀, wọ́n tún un tò. Wọ́n pààrọ̀ bàbà. Wọ́n fi fóòmù wé e. Nílé iṣẹ́ wọn, ó ń ṣiṣẹ́ bí ẹni pé wọ́n rán an níṣẹ́. Bó bá ti dé ọ̀dọ̀ Màmá, ó di òkú. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, Màmá rí i tí Onígíláàsì yíjú sí ògiri, tó ń nu ojú. Ó ṣàánú rẹ̀ dọ́kàn. Ó fún wọn ní tíì àti búrẹ́dì, ó ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀. Nígbà tí wọ́n lọ tán, ó pe Ìyàwó.

"Ó dà bíi pé omi náà kò tòrò tó. Ká máa jẹ́ kó di ọjọ́ kejì ká tó bù ú."

Bí àánú ṣe ń pọ̀ sí i ni omi ń tutù sí i.

Onígáàsì kò sì yéé yà. Ojú ọ̀run bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú lọ́sàn-án. Màmá pe ọmọ rẹ̀, ó ní kó máa retí òun, ọmọ náà bú sẹ́kún ayọ̀, òun náà sọkún díẹ̀, tirẹ̀ kì í ṣe ti ayọ̀. Ó wá já gbogbo kọ́tìnnì ilé ìfọṣọ náà sílẹ̀, àti èyí tó nípọn àti èyí tó rí bí àwọ̀n, ó ń fọ̀ wọ́n. Kò fẹ́ kí ẹni tí yóò gba ilé náà lẹ́yìn òun bá ìdọ̀tí níbẹ̀. Ìyàwó wé áyọ́ọ̀nù kejì sínú aṣọ, ó tì í sábẹ́ tábìlì, kò sọ ibi tó fẹ́ gbé e lọ.

Àwọn ọmọ náà ti gbà pé ó parí. Wọ́n yá ọkọ̀ tí wọ́n fẹ́ fi gbé ẹ̀rọ wọn lọ, ọkọ̀ náà kò sì ráyè àfi lọ́sàn-án. Bí wọ́n ṣe gba ẹ̀yìnkùlé wọlé lásìkò tí wọn kì í wá nìyẹn, wọ́n bá Màmá lórí ìdúró, abọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń rọ omi sí ẹnu ẹ̀rọ díẹ̀díẹ̀.

"Màmá," ni Onígíláàsì wí, "kí lẹ ń ṣe níbẹ̀?"

"Mò ń fún ẹ̀rọ yín lómi ni. Ẹ káàbọ̀. Ẹ ò sọ pé ọ̀sán lẹ máa wá."

Ọmọbìnrin náà kúnlẹ̀ lẹ́bàá báàfù símẹ́ńtì, ó ti ọwọ́ bọ omi. Ó yọ ọ́, ó wò ó, ó tún tì í bọ̀ ọ́.

"Ó tutù."

"Báwo ni ò ṣe ní tutù? Àná la ti dà á síbẹ̀. Ká lè rí i pé ó tòrò dáadáa. Wò ó, ìwọ náà lè rí ojú ara rẹ níbẹ̀."

Onígíláàsì wo omi, ó sì rí ojú ara rẹ̀ lóòótọ́. Ó jókòó sórí garawa kan tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, ó bọ́ gíláàsì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì ń fẹ́ di ẹkún.

"Màmá, kì í ṣe omi yẹn gan-an la fẹ́. Ooru inú rẹ̀ la fẹ́. Kó dọ̀tí bó ṣe fẹ́, kó ṣáà ti gbóná."

Abọ́ dúró lọ́wọ́ Màmá. Ó ronú kan gbogbo omi tó ti bù láti ọjọ́ yìí, àti ìbàdí tó ń dùn ún.

"Ó túmọ̀ sí pé ẹran la ń yọ jẹ, tá a wá ń gbé egungun fún un."

Ojú tì í débi tí ara rẹ̀ fi gbóná ju omi tí wọ́n ń wá lọ. Bí ìtìjú náà ṣe ń lọ ni ìbínú ń dé, nítorí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe dá a.

"Kí ló wá dé tí ẹ ò sọ bẹ́ẹ̀ fún mi?"

"A sọ ọ́, mà," ni Ọ̀pá-Aṣọ dáhùn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. "Ọjọ́ tá a kọ́kọ́ dé. Ẹ ní ó yé yín."

Màmá gbé abọ́ sílẹ̀.

"Irọ́ ni mo pa," ló wí. "Kò yé mi."

"Àwa náà ò ṣe é re, mà," ni Onígíláàsì wí. "A ò dúró wo bẹ́ ẹ ṣe ń fọṣọ rí. Ká sáré wo nọ́ńbà, ká sáré lọ la mọ̀."

Ìyàwó ti wà lẹ́nu ọ̀nà láti ìbẹ̀rẹ̀, ó di áyọ́ọ̀nù mú. "Ó dáa náà. Ẹ̀bi ti kárí," ló wí. "Ṣé kí wọ́n gbé e sínú ọkọ̀ ni, àbí kí wọ́n fi sílẹ̀?"

Wọ́n fi sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé Màmá kàn gbà bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ omi ìdọ̀tí tó ń gba ẹ̀gbẹ́ omi mímọ́ kọjá ṣì ń dà á láàmú. Ó ní bí páìpù náà bá lu bí ojú abẹ́rẹ́ lásán, omi ìdọ̀tí lòun ó máa fi fọ aṣọ aláìsàn. Ó mú búlúù ìfọṣọ, ó dà á sínú omi ọṣẹ gbígbóná kan títí tí omi náà fi dúdú bí aró, ó ní kí wọ́n rán an wọ inú ẹ̀rọ. Òun fúnra rẹ̀ lọ sí ẹnu ibi tí omi mímọ́ ń gbà jáde, ó tú ìnujú funfun tó so mọ́ etí ìró rẹ̀, ó tẹ́ ẹ sábẹ́ omi náà. Àwọn ọmọ méjèèjì dúró bí ẹni tó ń retí èsì ìdánwò. Màmá gbé ìnujú lọ sẹ́bàá fèrèsé. Ìyàwó fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́ gbẹ, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò níwájú, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn.

"Funfun," ni Ìyàwó wí.

Màmá kò tíì sọ ohun tó kù. Nígbà tó ń di ìnujú náà mú sábẹ́ omi, ó ti mọ ooru omi náà lára ìka rẹ̀. Ó padà síbẹ̀, ó ní òun fẹ́ ṣan ọwọ́, ó sì fi ọwọ́ sílẹ̀ lábẹ́ omi tó lọ́wọ́ọ́wọ́ náà, ó pẹ́ díẹ̀ kó tó yọ ọ́. Ìka tó ti ń ro ó láti ọdún mélòó kan sinmi díẹ̀. Inú rẹ̀ dùn.

Ayọ̀ náà kò tíì pẹ́ tí ẹ̀rọ fi há. Omi ọṣẹ kún, ó dà sílẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé bàtà Ìyàwó lọ. Ọ̀pá-Aṣọ ti ọwọ́ bọ páìpù, ó fa ìdì òwú wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ kan jáde, ó rí bí ológbò tí òjò pa. Ara aṣọ bẹ́ẹ̀dì àti táwẹ̀lì ló ti ń tú. Níbi tí wọ́n ti ń dán ẹ̀rọ náà wò, omi gbígbóná lásán ni wọ́n ń lò, kò sí aṣọ kankan níbẹ̀.

"Nígbà tẹ́ ẹ ń jẹ́ kó tòrò, òwú yìí kò wọlé rí," ni Ọ̀pá-Aṣọ wí. Ó ní asẹ́ kan wà tí wọ́n lè rà, ṣùgbọ́n òkè òkun ló ti ń wá, òjò yóò ti rọ̀ tán kó tó dé.

Màmá wo kọ́tìnnì rẹ̀ tó rí bí àwọ̀n, tó ń gbẹ lórí okùn.

"Ẹ já ìyẹn wá."

Wọ́n gé e. Ìyàwó ṣẹ́ ẹ po ní ìlọ́po méjì, ó rán etí rẹ̀. Ọ̀pá-Aṣọ fi irin ṣe férémù tí wọ́n lè fà jáde bí dúróà tábìlì, tí wọ́n sì lè tì padà. Onígíláàsì sì jókòó tì wọ́n ní odindi ọjọ́, ó ń wo bí wọ́n ṣe ń fọ ti ilé ìtura, bí wọ́n ṣe ń fọ ti ilé ìwòsàn, títí tó fi mọ àsìkò tó yẹ kí wọ́n pààrọ̀ àwọ̀n náà. Omi ń gba inú rẹ̀ kọjá pẹ̀lú gbogbo ooru rẹ̀, òwú ń dúró sórí rẹ̀, kò sẹ́ni tó ń dúró kí ohunkóhun tòrò mọ́. Ọwọ́ ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún. Lẹ́yìn ìgbà náà, gbogbo ẹ̀rọ tí àwọn ọmọ náà bá ṣe ni wọ́n ń fi irú àwọ̀n yìí sí. Wọ́n sọ ọ́ ní Àwọ̀n Màmá. Iṣẹ́ oṣù tí wọ́n fẹ́ lọ wá, wọn kò rántí rẹ̀ mọ́.

Onígáàsì ló kọ́kọ́ jẹ́rìí sí i. Ó dé pẹ̀lú sílíńdà tuntun bó ṣe máa ń ṣe, ó gbé èyí tó wà nílẹ̀, ó rí i pé ó ṣì wúwo. Ó mì í. Ó gbé e sílẹ̀, ojú rẹ̀ kọ́rẹ́ lọ́wọ́.

"Màmá, ta lẹ tún ń rà lọ́wọ́ rẹ̀?"

"Kò sẹ́nì kankan."

"Ẹ sọ fún mi bí mo bá ṣẹ̀ yín."

"Wò ó, àfẹ́sọ́nà," ni Ìyàwó wí láti ìdí tábìlì, "máa wá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Bí a ò bá rí ọ lemọ́lemọ́, a lè wá máa ṣàárò rẹ."

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí òjò àkọ́kọ́ rọ̀, Màmá jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo bó ṣe ń lu ojú títì. Òjò tó ti fi ṣe gbèdéke nìyí. Sílíńdà tó wà lẹ́yìnkùlé kò tíì tán. Ó mú fóònù, ó pe ọmọ rẹ̀.

"Ọmọ mi, mi ò wá gbé mọ́ o. Iṣẹ́ wà."

Màmá gbọ́ ìró ẹ̀rọ ìfọṣọ kékeré náà, ó ń kọrin níbi tó wà.

"Kí n wá fún ẹlòmíì ní yàrá náà?" ni ọmọ náà béèrè.

"Má fún ẹnikẹ́ni. Mò ń bọ̀ wá kí yín bí iṣẹ́ bá dẹwọ́. Kó o wá tẹ́ aṣọ bẹ́ẹ̀dì tó mọ́ dè mí. Bí o bá sì ń fọ̀ ọ́..."

"Mi ò ní pò ó, Màmá," ni ọmọ náà wí. Ohùn rẹ̀ yí padà díẹ̀. "Ohùn yín ti padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ó pẹ́ tí mo ti gbọ́ ọ."

Nígbà tí Màmá gbé fóònù sílẹ̀ tó sì yíjú padà, Ìyàwó wà nídìí tábìlì rẹ̀, ó ń lọ aṣọ ìrọ̀rí kan. Gbogbo ọ̀rọ̀ náà ló ti gbọ́.

"Ìyálé mi," ló wí, kò gbójú sókè. "Ṣé ẹ ò lọ mọ́?"

"Níbo ni mo fẹ́ lọ? Gbé áyọ́ọ̀nù tó wà lábẹ́ tábìlì yẹn jáde, ká rí nǹkan fi ṣiṣẹ́."

Ìyàwó fa áyọ́ọ̀nù náà jáde, ó tú aṣọ tó fi wé e. Aṣọ ìrọ̀rí tó wà níwájú rẹ̀ ti gún régé, kò sí ibi tó rún mọ́ lára rẹ̀. Ó tún un tẹ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ̀ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀.